Ibo Ni Sílíkà Inú Ṣéèlì Dúdú Ti Wá?

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí ni ṣéèlì, wọ́n á ní amọ̀ ìsàlẹ̀ omi tó le di òkúta ni. Ìdáhùn yẹn kò burú. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn ṣéèlì kan wà tí nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ quartz, ìyẹn ohun kan náà tó pọ̀ jù nínú iyanrìn, ni ọ̀rọ̀ máa ń dàrú mọ́ wọn lójú. Kíá ni wọ́n á ti parí ẹ̀ sí pé odò ló gbé iyanrìn wá dà sórí amọ̀. Tí wọ́n bá tún gbọ́ pé òkú ohun abẹ̀mí ló sọ àpáta náà di dúdú, wọ́n á ní igbó ńlá kan ló rì sábẹ́ omi. Ọ̀pọ̀ ṣéèlì òkun àtijọ́ tó lókìkí jù lọ wà tó jẹ́ pé kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nínú méjèèjì.

Ṣéèlì Wufeng àti Longmaxi ní gúúsù Ṣáínà ni màá fi ṣàlàyé. Orí ara wọn ni wọ́n wà, Wufeng nísàlẹ̀, Longmaxi lókè rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ lábẹ́ Sichuan, Chongqing àti Hubei. Nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 445 sẹ́yìn ni ìtàn wọn, ní ìparí sáà Ordovician àti ìbẹ̀rẹ̀ sáà Silurian. Mo yàn wọ́n nítorí pé àwọn onímọ̀ òkúta ti tú wọn wò fínnífínní, àti nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà wa níbí lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe dáyé.

Ẹ wo ayé ìgbà náà ná. Kò sí igi kankan lórí ilẹ̀. Ewéko tó wà kò ju ṣákálá, èyí tó ń fà mọ́ ibi tó bá rin. Ó ṣì ku ohun tó lé ní ọdún mílíọ̀nù 200 kí dáínósọ̀ tó yọjú. Inú òkun ni ẹ̀mí wà, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú wọn kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Gúúsù Ṣáínà fúnra rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ kan tó dá wà nítòsí ìlà tó dá ayé sí méjì, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, òkun tí kò jìn púpọ̀ sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ gíga yí òkun náà ká lápá kan, kò sì jẹ́ kí omi òkun ńlá máa wọlé jáde bó ṣe wù ú.

Sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ló para pọ̀ di sílíkà. Òun ló wà nínú iyanrìn, òun la sì ń yọ́ láti fi ṣe gíláàsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí ni pé sílíkà ń yòrò sínú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyòrò rẹ̀ lọ́ra. Òjò ń jẹ àpáta orí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sílíkà inú rẹ̀ á yòrò, odò á sì gbé e lọ sókun láìsí ẹni tó máa rí i. Omi gbígbóná tó ń tú jáde láti abẹ́ ilẹ̀ òkun ń mú tirẹ̀ wá. Eérú òkè ayọnáyèéfín tó bá bọ́ sínú omi náà ń tu tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jẹrà.

Àwọn ẹ̀dá kan wà nínú omi tó ń wá sílíkà yìí kiri. Radiolaria jẹ́ ẹ̀dá oníṣẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ń léfòó, ó ń fa sílíkà inú omi láti fi kọ́ egungun ara rẹ̀, egungun gíláàsì roboto tó kún fún ihò. Kànrìnkàn òkun ń gbé nísàlẹ̀ ní tirẹ̀, abẹ́rẹ́ sílíkà wínníwínní ló sì fi ń gbé ara ró. Lóde òní, ẹ̀dá mìíràn tí wọ́n ń pè ní diatom ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú sílíkà òkun, àmọ́ diatom kò tíì sí láyé nígbà tí Longmaxi ń balẹ̀. Bí ẹ bá ka àkọsílẹ̀ kan tó ní diatom ló ṣe sílíkà inú ṣéèlì ọjọ́ orí yẹn, ẹ má gbà á. Inú àwọn ṣéèlì tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni kẹ́ ẹ ti wá wọn, irú èyí tó wà ní Monterey, ní ìpínlẹ̀ California, tí kò tíì pé ọdún mílíọ̀nù 20.

Bí radiolaria bá kú, òkú rẹ̀ á máa rọ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi tó yí i ká ń jẹ egungun rẹ̀, nítorí omi òkun kò tíì yó sílíkà, àyè ṣì wà nínú rẹ̀ fún púpọ̀ sí i. Nínú gbogbo sílíkà tí àwọn ẹ̀dá ojú òkun ń fi kọ́ ara wọn lóde òní, nǹkan bí ìdá 3 péré nínú 100 ló ń rí ibi sin sí nísàlẹ̀. Gbogbo ìyókù ló ń yòrò padà. Láyé Ordovician, níwọ̀n bí kò ti sí diatom tó máa fa sílíkà inú omi gbẹ, èyí tó wà nínú òkun pọ̀ ju ti òní lọ dáadáa, egungun gíláàsì sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó yòrò.

Èyí tó bá dé ìsàlẹ̀ kì í dúró bẹ́ẹ̀ náà. Sílíkà tí ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe, omi wà nínú rẹ̀, kò sì tò létòlétò. Bí ẹrẹ̀ bá ṣe ń gun orí rẹ̀, tí ilẹ̀ ń gbóná, á yòrò, á sì tún ara rẹ̀ tò ní ìgbà méjì. Ní Monterey, wọ́n rí i pé àkọ́kọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ tí ooru bá ti ń tó 40 sí 50°C, èkejì tó sì sọ ọ́ di quartz ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 65 sí 80°C. Nígbà tí gbogbo èyí bá fi parí, egungun tó rẹwà yẹn lè má ní ìrísí mọ́. Quartz wínníwínní ló máa kù, kò sì ní sí àmì lójú rẹ̀ pé ohun abẹ̀mí ló ṣe é. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn: wọ́n á rí quartz, wọ́n á sì ní iyanrìn ni.

Ẹ jẹ́ ká yíjú sí ohun tó mú àpáta náà dúdú. Ewéko omi àìfojúrí àti baktéríà ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ kábọ́ọ̀nù inú omi di ara wọn. Bí wọ́n bá kú, ọ̀pọ̀ ẹnu ló ń dúró dè wọ́n. Àwọn ẹran omi á jẹ nínú wọn, baktéríà á jẹ ìyókù, ọ́síjìn ni gbogbo wọn sì fi ń ṣiṣẹ́ yẹn. Lára gbogbo ohun tí ojú òkun ń pèsè, èyí tó ń wọ inú ilẹ̀ tó sì ń dúró síbẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 100. Àmọ́ bí ọ́síjìn bá tán nísàlẹ̀, iṣẹ́ ìjẹrà á falẹ̀. Irú baktéríà mìíràn á gba ipò, èyí tó ń lo imí ọjọ́ tó wà nínú iyọ̀ òkun, tó sì ń tú gáàsì olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ jáde. Gáàsì yẹn á pàdé irin nínú ẹrẹ̀, wọ́n á sì di pyrite, òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán bíi wúrà. Ẹ lè rí irú omi bẹ́ẹ̀ lónìí nínú Òkun Dúdú tó wà láàárín Tọ́kì àti Yúkírénì: láti nǹkan bí 150 mítà lọ sí ìsàlẹ̀, kò sí ọ́síjìn níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí. Ọ̀tá sílíkà kọ́ ni ọ̀tá kábọ́ọ̀nù. Omi tí kò tíì yó ló ń jẹ sílíkà, ọ́síjìn ìbáà wà níbẹ̀, ìbáà má sí. Ọ́síjìn àti àwọn tó ń mí in ló ń pa kábọ́ọ̀nù run, sílíkà inú omi ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Nítorí náà, bí a bá bá àwọn méjèèjì tí wọ́n pọ̀ gan-an nínú ìpele kan náà, a kò lè ní àìsí ọ́síjìn nìkan ló kó wọn jọ. Ohun tó so wọ́n pọ̀ wà lókè, lójú omi tí oòrùn ń ràn sí. Níbi tí ajílẹ̀ bá ti pọ̀ nínú omi, ewéko omi á gbilẹ̀, àwọn radiolaria tó ń jẹ lára wọn náà á gbilẹ̀, òkú àwọn méjèèjì á sì jọ máa rọ̀ sílẹ̀. Òkú àti ìgbẹ́ àwọn ẹran omi á lẹ̀ mọ́ra di ṣùṣù, wọ́n á yára rì ju bí ẹyọ kan ì bá ṣe dá rì lọ, omi kò sì ní ráyè jẹ sílíkà tó bó ṣe fẹ́. Bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, ìjẹrà wọn á gbé ìwọ̀nba ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ mì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lókè ló máa ń pèsè ibi ìpamọ́ fún ara rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí èyí. Àwọn kan ní bí ohun abẹ̀mí bá ṣe pọ̀ tó lójú omi ló ń pinnu, àwọn mìíràn ní àìsí ọ́síjìn nísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, sílíkà ni ẹlẹ́rìí tó yẹ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí, nítorí pé ọ́síjìn kò lágbára lórí rẹ̀. Bí sílíkà ohun abẹ̀mí bá pọ̀, a mọ̀ pé ẹ̀mí pọ̀ lókè. Ẹ̀rí yẹn kì í ṣe ti ìhà méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan máa ń gbàgbé rẹ̀: bí sílíkà bá kéré, ìyẹn kò fi hàn pé ẹ̀mí kéré lókè, ó lè jẹ́ pé ó ti yòrò lọ. Ẹnì kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ni ilẹ̀. Bí odò bá ń da amọ̀ púpọ̀ sókun, bí òkú ṣe wù kó pọ̀ tó, amọ̀ á bò ó mọ́lẹ̀, ìpín rẹ̀ nínú àpáta á sì kéré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù Ṣáínà ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí bọ́ sójú kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, yìnyín sì wà láàárín wọn. Nígbà Wufeng, omi òkun dúró sójú kan, ọ́síjìn ìsàlẹ̀ ti tán, radiolaria pọ̀ lókè, òkè ayọnáyèéfín sì ń tu eérú. Ìpele eérú tín-ín-rín tó ti di amọ̀ funfun ṣì hàn kedere láàárín àpáta dúdú náà títí dòní. Lẹ́yìn náà ni òtútù ńlá kọlu ayé. Ibi tó wá di Sàhárà lónìí wà nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù ayé nígbà náà, yìnyín ńlá sì bò ó. Ojú àpáta ní gúúsù Algeria àti ní Líbíà ṣì ní ipa tí yìnyín náà fi há a bó ṣe ń wọ́ kọjá. Omi tó di yìnyín nílẹ̀ Áfíríkà, inú òkun ló ti wá, torí náà òkun fà sẹ́yìn káàkiri ayé. Ní Ṣáínà, òkun di èyí tí kò jìn, ọ́síjìn dé ìsàlẹ̀, àwọn ẹ̀dá oníkarahun tó fẹ́ràn òtútù sì wá gbé níbẹ̀. Ìpele wọn ni wọ́n ń pè ní Guanyinqiao, ní ọ̀pọ̀ ibi kò tó mítà kan. Láàárín àkókò yẹn ni nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 irú àwọn ẹ̀dá inú òkun pa run. Nítòsí ìlú Yichang ní Hubei, ní abúlé Wangjiawan, ni àwọn onímọ̀ àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2006 pé kó jẹ́ ibi tí a ó ti máa fi ojú rí ìbẹ̀rẹ̀ sáà òtútù náà lára àpáta.

Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà dé pẹ̀lú agbára. Ó bo etí ilẹ̀, ó sì lé ẹnu odò sẹ́yìn, amọ̀ tó ń dé àárín òkun dín kù gidigidi. Ajílẹ̀ wà nínú omi, ọ́síjìn tún tán nísàlẹ̀. Ìpele ìsàlẹ̀ Longmaxi tó balẹ̀ nígbà yẹn ló lọ́rọ̀ jù: kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ máa ń wà láàárín ìdá 2 sí 6 nínú 100, quartz sì lè tó ìdajì. Kì í ṣe Ṣáínà nìkan. Lórí ilẹ̀ tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Sàhárà, òkun kan náà wọlé, ó sì da ṣéèlì dúdú tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín àkókò kan náà. Púpọ̀ nínú epo rọ̀bì àti gáàsì Algeria àti Líbíà, títí kan epo Hassi Messaoud, pápá epo ńlá kan ní Algeria, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ohun abẹ̀mí ló ni sílíkà, pé kì í ṣe iyanrìn? Ìṣirò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ká ní wọ́n mú òkúta kan láti ìsàlẹ̀ Longmaxi lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì bá sílíkọ́ọ̀nù ìdá 32 nínú 100 àti alumíníọ̀mù ìdá 5 nínú 100. Alumíníọ̀mù kì í ti ara radiolaria wá, amọ̀ ilẹ̀ ló ń gbé e wá. Nínú ṣéèlì lápapọ̀, sílíkọ́ọ̀nù máa ń jẹ́ ìlọ́po 3.11 alumíníọ̀mù, gẹ́gẹ́ bí Karl Hans Wedepohl, onímọ̀ kẹ́mísìrì àpáta ará Jámánì, ṣe gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1971. Ẹ sọ 5 di ìlọ́po 3.11, á jẹ́ 15.55. Ìyẹn ni a lè kà sí ti ilẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 32, á ku 16.45. Ohun tó ju ìdajì sílíkọ́ọ̀nù inú òkúta yẹn lọ kò bá amọ̀ wá.

Ìṣirò yìí dáa, àmọ́ kì í sọ ẹni tó mú àjẹṣẹ́kù yẹn wá. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ iyanrìn gbígbẹ sókun, iyanrìn yẹn náà á jáde bí àjẹṣẹ́kù. Omi gbígbóná abẹ́ òkun lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo zirconium, irin kan tí kì í fi iyanrìn sílẹ̀. Bí sílíkà àti zirconium bá jọ ń gòkè, iyanrìn ni. Bí sílíkà bá ń gòkè tí zirconium ń lọ sílẹ̀, ohun abẹ̀mí la ó kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n tún ń wo irin àti manganese, tí wọ́n máa ń pọ̀ níbi tí omi gbígbóná bá ti dá sí i. Amọ̀ fúnra rẹ̀ náà ń tu sílíkà díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ooru bá ń sọ ọ́ dà, àmọ́ kì í pọ̀ tó láti ṣàlàyé irú ìdajì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn.

Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí tí ojú rí. Wọ́n á gé òkúta náà, wọ́n á fá a títí tí sísanra rẹ̀ kò fi ní ju ìdá 3 nínú 100 mílímítà lọ, débi tí ìmọ́lẹ̀ á lè gbà á kọjá, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ awò amúnǹkantóbi. Ilẹ̀ rẹ̀ á dúdú, tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nítorí kábọ́ọ̀nù. Nínú òkùnkùn yẹn ni àwọn róbótó funfun ti máa fọ́n káàkiri, fífẹ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú 10 mílímítà: radiolaria nìyẹn, quartz ti kún inú wọn, pyrite sì ti kún inú àwọn mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ wọn la ó ti rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ kànrìnkàn òkun. Etí róbótó kò rí gánñgán bíi ti iyanrìn tí odò gbé, kò sì sí iyanrìn tó tóbi tó ìyẹn nítòsí. Bí pyrite inú ẹrẹ̀ náà bá jẹ́ kóro kéékèèké tó dọ́gba, tí púpọ̀ nínú wọn kò ju ìdá 5 nínú 1,000 mílímítà lọ, a mọ̀ pé inú omi gan-an ni ọ́síjìn ti tán kí wọ́n tó balẹ̀.

Sílíkà yìí tún ṣe iṣẹ́ kan tí kábọ́ọ̀nù jàǹfààní rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kún fún omi, bí ẹrù orí rẹ̀ bá sì ṣe ń wúwo ni omi ń ro jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n dì sínú àpò tí wọ́n gbé òkúta lé kó lè gbẹ fún gàrí. Ẹrẹ̀ tó jẹ́ amọ̀ nìkan á rún pọ̀ títí tí kò fi ní sí ihò kankan. Àmọ́ ibi tí sílíkà ohun abẹ̀mí bá ti tètè yòrò tó sì tún dì, ó ń di egungun líle fún ẹrẹ̀ náà, ó sì ń gba ẹrù dúró. Àyè kéékèèké á ṣẹ́ kù. Epo tí ooru yọ láti inú kábọ́ọ̀nù á wọ inú àyè yẹn, nígbà tí àpáta náà bá sì jìn tó ọ̀pọ̀ kìlómítà, epo á di gáàsì, á fi ihò wínníwínní sílẹ̀ nínú èyí tó kù. Quartz kan náà ló ń mú kí àpáta náà lè là nígbà tí wọ́n bá fi omi alágbára tì í láti yọ gáàsì inú rẹ̀. Amọ̀ kì í là bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹ̀.

Ọdún 2012 ni kànga Jiaoye 1HF ní Fuling, ní agbègbè Chongqing, fi èyí hàn gbogbo ayé nígbà tí gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀ tó kúbíìkì mítà 203,000 lójúmọ́. Longmaxi nípọn gan-an ní Fuling, síbẹ̀ àwọn tó ń gbẹ́ kànga kì í wá gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí 40 mítà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lé. Lókè ibẹ̀, ilẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, odò sì ń da amọ̀ àti iyanrìn wínníwínní sókun. Quartz ṣì wà nínú apá òkè yẹn, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ kéré, àmọ́ èyí tí odò gbé wá ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nísàlẹ̀, bí quartz bá ṣe pọ̀ ni kábọ́ọ̀nù ń pọ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé lókè, quartz lè pọ̀ kí kábọ́ọ̀nù má tó ìdá 1 nínú 100.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti wọ àpáta ìsàlẹ̀ yẹn tó sì yí dùbúlẹ̀ láti máa gbẹ́ lọ sí iwájú, ìtànṣán gamma ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Yùréníọ̀mù wà lára ohun tó ń fa ìtànṣán yìí, èyí tó wà nínú omi òkun sì máa ń já sílẹ̀ níbi tí ọ́síjìn bá ti tán, torí náà ó pọ̀ jù nínú ṣéèlì tó dúdú jù. Bí ìtànṣán náà bá lọ sílẹ̀ lójijì, ó ṣeé ṣe kí ẹnu ẹ̀rọ ti gòkè wọ inú ṣéèlì aláwọ̀ eérú, wọ́n á sì yí i padà sísàlẹ̀.